Ilé La Ti Ń Mú Doh Ròde

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwa akọrin ilé ẹ̀kọ́ wa kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde lọ́jọ́ tí a lọ sí ìdíje orin, kódà a kó o lákòójù. Aṣọ funfun tí a lọ̀ títí tó fi le gan-an, táì aláwọ̀ ewé, bàtà tí a kun ní pólíìṣì débi pé èèyàn lè fi ṣe dígí: kò sí èyí tó ṣẹ́ kù sílé. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ni irin kékeré kan tí kò gùn tó ṣíbí, tó jókòó sórí tábìlì Sà, tíṣà orin wa, n'Ìbàdàn nígbà tí àwa ti dé Èkó.

Fọ́ọ̀kì Sà la máa ń pè é. Ó ní eyín méjì, ó jọ fọ́ọ̀kì ìjẹun, àmọ́ etí ló ń bọ́. Sà á gbá a mọ́ orúnkún, á fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, á dijú díẹ̀, á wá kùn ún jáde. Ohùn A ni irin náà ń ké. Ìgbà 440 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rù kì í bà á, orí rẹ̀ kì í sì í wú. Key F ni orin wa, A sì ni “m” nínú key F. Sà á sọ̀kalẹ̀ láti “m” sí “r”, láti “r” sí “d”, ibẹ̀ la ti ń mú doh wa. Ìyókù di ti tonic sol-fa, ọgbọ́n tí John Curwen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Ìlú Ọba, fi kọ́ àwọn mẹ̀kúnnù lórin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn míṣọ́nnárì gbé dé ọ̀dọ̀ wa, tí a ò sì tíì jù nù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀fun ná, torí òun ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: alájẹkì ni wọ́n máa ń fi bá wí, àmọ́ akọrin gan-an ló yẹ kó kọ ọ́ sára ògiri. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì wa gbéra. Kí a tó jáde n'Ìbàdàn, orin ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe orin ìdíje o. Orin pápá ìṣeré ni, àti èyí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn fi ń bú àwọn ọmọ iwájú. Ẹ́ńjìnnì ń hó, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ àfi kó pariwo. Bí ẹni yìí bá ti pariwo, ẹni tó jókòó tì í á fi díẹ̀ kún tirẹ̀. Bí ohùn ṣe ń ya nìyẹn, olúwarẹ̀ ò sì ní mọ̀, torí inú ń dùn.

Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 yẹn kò ju nǹkan bíi kìlómítà 127 lọ, àmọ́ ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti dá dúró rí ní Ìbàfò mọ̀ pé kì í ṣe kìlómítà la fi ń wọn ọ̀nà ọ̀hún. Wákàtí mẹ́rin la lò lórí ìjókòó. Ní Mọ́wé, àwọn tó ń kiri sáré tọ fèrèsé wa wá: gálà, gúgúrú, ẹ̀pà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí omi tútù ń kán lára ìgò rẹ̀. A rà, a jẹ, a mu, a tún kọrin lé e lórí. Ìgbà tí a fi dé afárá Kárà, ọmọbìnrin tó ń léwájú àwọn soprano fẹ́ bi mí pé aago mélòó ló lù. Ó lanu, atẹ́gùn lásán ló jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ akọrin, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì àlọ dákẹ́. Tàbọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe ariwo. Omi tí ẹ ń gbé mu lẹ́yìn ìtàgé, ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà, kò fọwọ́ kan ibi tí ohùn ti ń jáde; omi àná àti ti òwúrọ̀ ló máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ sùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má kówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé wọn lọ́wọ́, ẹ fún wọn ní ìgò omi kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì. Ẹyin tútù tí àwọn kan ń dà sọ́fun, èmi ò rí ohun tó ń ṣe fún ohùn. Ní ti orógbó, n ò bá ẹnikẹ́ni jà, ọ̀pọ̀ akọrin ló ń rún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò jẹ orógbó rí, kó má fi ọjọ́ ìdíje bẹ̀rẹ̀, kí kíkorò rẹ̀ má baà fa ojú rẹ̀ pọ̀ níwájú adájọ́.

Wọ́n pe orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa. A tò, àwa alto ní apá òsì. Sà ki ọwọ́ bọ àpò kòtù. Ó ki ọwọ́ bọ èkejì. Ó fọwọ́ tẹ àpò ṣòkòtò wò lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí dùùrù nínú orin tí a fẹ́ kọ, kò sì sí ẹni tí a lè yá irin lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé. Sà dijú, ó wá doh nínú orí ara rẹ̀, ó kùn ún fún wa.

Ó ga. Ẹ̀rù a máa gbé ohùn sókè, àti pé ọkàn Sà ń lù. F tó yẹ kó jẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di A. Etí mi sọ fún mi, mo wo ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà wò mí, a sì gbé orin bẹ́ẹ̀. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ṣì lọ. Ní ìlà kẹta, níbi tí soprano ti ń lọ sí doh òkè, ibẹ̀ di ọ̀pẹ gíga fún ẹni tí kò ní igbà. Àwọn kan fipá gùn ún, wọ́n ń han. Àwọn kan já wálẹ̀ sínú ohùn àwa alto. Ọmọ tó ń léwájú ń mi ẹnu lásán. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ìpò kejì láti ìsàlẹ̀ la ṣe.

Ohun tí mo mọ̀ nísinsìnyí ni pé ó yẹ kí Sà gbé ọwọ́ sókè, kó dá orin dúró ní ìlà àkọ́kọ́, kó sì tún doh mú. Wọn ì bá gé máàkì díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí àgbàlagbà ṣe bẹ́ẹ̀, ìtìjú náà ló sì wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń gbé lọ sí ìdíje. Ẹ ra fọ́ọ̀kì méjì, kí èkejì wà lọ́wọ́ ọmọ tí kì í gbàgbé nǹkan. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òun náà ló máa ń jìyà lọ́wọ́ àwọn yòókù nítorí bẹ́ẹ̀.

Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo wà, tí mo ń fi táì nu imú, nígbà tí àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ kọ orin Yorùbá tiwọn. Aṣọ wọn kò tó tiwa. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù lẹ́nu wọn. Ẹ̀yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó mọ ìdí rẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ nípa T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, tó fi dùùrù sin Ọlọ́run ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní 1953, ẹjọ́ tó sì rò ni pé kí orin Yorùbá máa tẹ̀lé ìró ohùn ọ̀rọ̀. Bí orin bá fa ìparí “ọkọ” wálẹ̀, ìyàwó tó yẹ kó máa yin ọkọ rẹ̀ á di ẹni tó ń yin ọkọ̀ èrò. Kí ẹ tó fi ohùn sí ọ̀rọ̀, ẹ kà á sókè bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ fún ìyá àgbà kan tí kò rí ìwé orin náà rí, kí ẹ sì bi wọ́n pé, “Ìyá, kí la wí?”

Sà kò sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Ògèrè. Níbẹ̀ ló dìde nínú bọ́ọ̀sì, ó di irin ìjókòó mú, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú.” A kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu tíṣà rí. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí a ó fi dá a lóhùn.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, okùn bàtà dúdú ni Sà fi so fọ́ọ̀kì náà mọ́ ọrùn. Bọ́ọ̀sì kò tíì gbéra tó ti gbá a mọ́ orúnkún, gbogbo wa kùn “m, r, d”, ó ní ó tó, ká panu mọ́. A sì panu mọ́. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé Ṣágámù, dírẹ́bà wo wa nínú dígí, ó bi Sà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé:

“Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe àwọn ọmọ yìí?”