Ẹ Ṣọ́ Abo Màlúù Yín Kí Ẹ Tó Pe Dókítà
Ìmọ̀ràn fún ẹ̀yin olùsìn màlúù oníwàrà ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáìkò



Ẹran pípa ni èyí tó pọ̀ jù nínú màlúù tó ń kọjá ní ọjà Alaba Rago wà fún. Àmọ́ àwọn kan wà láàrin yín tó ń sin abo kan, méjì tàbí mẹ́ta nítorí wàrà. Bunaji ni ọ̀pọ̀ wọn, màlúù funfun oníwo gígùn tí àwọn Fúlàní ń dà. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀ tán, lítà 1 sí 2 ló sábà máa ń kù fún ẹni tó ń fún un lójúmọ́. Ní Vom lẹ́bàá Jos àti ní Ṣíkà lẹ́bàá Zaria, wọ́n ti pa Bunaji pọ̀ mọ́ Friesian ti òyìnbó tipẹ́, wàrà àwọn ọmọ àdàlú náà sì tó ìlọ́po méjì ti ìyá wọn. Àtọ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbìn sínú abo ló ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lágbára àtira akọ òyìnbó. AI ni àwọn dókítà ẹran ń pè é. Kì í ṣe AI ti inú fóònù o.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni pé olóhun kò mọ ọjọ́ tí abo rẹ̀ ń wá akọ. Dókítà tó dé lẹ́yìn àkókò kò lè ṣe nǹkan kan, bó ti wù kí àtọ̀ náà wọ́n tó.

Àmì tí ẹ ó máa wò

Abo tó yè kooro tí kò lóyún máa ń wá akọ ní ọjọ́ 21 síra wọn. Ó lè yá sí 18, ó sì lè pẹ́ dé 24. Èyí tó dájú jù nínú àmì ni pé bí màlúù mìíràn bá gùn ún, yóò dúró jẹ́ẹ́, kò ní sá. Ẹ tún wo ìdí ìrù rẹ̀ láàárọ̀: bí irun ibẹ̀ bá ti ṣá, tí ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn sì wà ní ìbàdí rẹ̀, wọ́n ti gùn ún lóru. Omi tó mọ́, tó ń yọ̀ bí funfun ẹyin, lè máa so rọ̀ lábẹ́ ìrù. Ojú ara rẹ̀ a wú, a sì pọ́n díẹ̀. Kò ní fara balẹ̀ jẹun, á máa ké, wàrà rẹ̀ á sì dín kù lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ rí, àkókò ti kọjá. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ láti bí ọjọ́ 17 sí i.

Bunaji kì í pẹ́ nínú wíwá akọ. Kò sábà ju wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá lọ, òru ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, ẹ wò wọ́n ní ìdájí, ní ọ̀sán, àti kí ẹ tó sùn.

Látìgbà tí Ìjọba Èkó ti fòfin de dída ẹran jẹ̀ káàkiri ní oṣù Kẹsàn-án 2021, inú ọgbà ni ẹran yẹ kó wà. Abo tí ẹ so mọ́ òpó láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè fi ara rẹ̀ hàn yín. Ẹ tú wọn sílẹ̀ nínú ọgbà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ dúró tì wọ́n.

Àkókò tó yẹ kí ẹ pe dókítà

Abo tí ẹ rí àmì lára rẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n gbin àtọ̀ sí i nírọ̀lẹ́. Èyí tí ẹ rí àmì lára rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n gbin àtọ̀ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ jẹ́ kó sinmi tó ọjọ́ 60.

Bí dókítà bá dé, ẹ so ẹran síbi tí òjìji wà. Ẹ má lé e, ẹ má lù ú. Inú àgbá náítírójìn, tó tutù dé ìwọ̀n 196 sísàlẹ̀ òdo, ni àtọ̀ wà nínú ọ̀pá tín-ín-rín. Dókítà yóò yọ ọ́ kíákíá sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n 35 sí 37, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 45, yóò nù ún gbẹ, yóò sì lò ó lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń ti ọ̀pá náà bọ àpò láti máa lọ dá àpárá, ẹ bi í léèrè.

Irú àtọ̀ tí ẹ ó yàn

Àdàlú ìdajì-ìdajì ni kí ẹ lépa. Friesian pọ́ńbélé kò lè gba ooru, eegbọn àti àrùn ilẹ̀ ọ̀sà wa. Bí abo yín bá kéré, irú Muturu, ẹ má gba àtọ̀ Friesian: ọmọ lè tóbi ju ọ̀nà lọ. Ẹ béèrè Jersey, tí ọmọ rẹ̀ kéré. Ẹ kọ orúkọ akọ tó ni àtọ̀ sílẹ̀, kí ẹ má baà fi bàbá gun ọmọ lọ́jọ́ iwájú.

Lẹ́yìn náà

Bí kò bá tún wá akọ ní ọjọ́ 21, ó ṣeé ṣe kó ti lóyún; kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù méjì. Kì í ṣe gbogbo abo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Oyún gba bí ọjọ́ 285: èyí tí wọ́n gbìn ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ẹ máa retí rẹ̀ ní bí ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá. Lẹ́yìn tó bá bímọ, abo tó rù lè má wá akọ rárá, nítorí náà ẹ fún un ní èèsún tútù, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, iyọ̀ àti omi tó mọ́. Ọmọ àdàlú pàápàá, bí kò bá jẹun, wàrà rẹ̀ kò ní ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

Ẹni tó ní abo kan ṣoṣo kò ní màlúù mìíràn tí yóò gùn ún kó lè rí àmì, òun nìkan ni yóò sì san owó ọkọ̀ dókítà. Nítorí náà, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ para pọ̀ ní márùn-ún márùn-ún, kí ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọjọ́ gbogbo abo yín sí. Ẹ ra ìwé náà lónìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó bá kọ́kọ́ ké lóru òní.