Kíkó Òjò Dídì Kúrò Lójú Ọ̀nà Olókùúta: Iṣẹ́ Katakata Kékeré

Nínú ẹ̀kọ́ ti ìgbà yìí, ilẹ̀ olótùútù ni a ń mú yín lọ. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń sọ̀rọ̀ òjò dídì, nígbà tó jẹ́ pé ọyẹ́ ni òtútù tó le jù tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ìdí méjì ni. Èkíní, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láàárín wa máa ń sọ pé èdè Yorùbá kò lè ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan dé gbòǹgbò. Àríyànjiyàn yìí kan àwa tí a dàgbà sí Òkè Ọya ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí inú ilé nìkan ni a ti ń sọ Yorùbá. Háúsá ni a fi ń ra ọjà, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kàwé. A fẹ́ fi iṣẹ́ tí kò sí nílẹ̀ wa rárá dán èdè wa wò. Èkejì, àwọn ará wa pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà lónìí, iṣẹ́ yìí sì máa ń ṣe ẹni tó bá dáwọ́ lé e láìmọ̀ ọ́n léṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwa tí a gbé Jos rí mọ yìnyín: òjò ńlá a máa kó o wá nígbà mìíràn, a ó gbọ́ ọ gbàràgbàrà lórí páànù, àwọn ọmọdé á sì sáré jáde lọ ṣà á jẹ. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín kì í dún lórí páànù. Ó fúyẹ́, ó ń rọra balẹ̀ bí òwú, bí èèyàn bá sì sùn mọ́jú, ó lè bá a níta tó ti mù ún dé orúnkún. Bíbélì Yorùbá pe eléyìí ní òjò dídì, ó sì pe ti Jos ní yìnyín. Ti Bíbélì ni a óò tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe méjèèjì ní yìnyín.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí òjò dídì ti ń dà gidi ni etí àwọn adágún ńláńlá tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Atẹ́gùn tútù á gba orí adágún tí kò tíì dì kọjá, á fa ọ̀rinrin mọ́ra, á sì dà á sórí ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, èyí tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 6 dà sí Orchard Park, tí kò jìnnà sí Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjì òjò dídì mìíràn pa èèyàn tó lé ní 40 ní agbègbè Buffalo yìí kan náà. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn kò rọ́nà gbà. Àwọn kan kú sínú mọ́tò wọn, àwọn kan sínú ilé tí kò ní iná, ọkàn àwọn mìíràn sì dáṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kó òjò dídì. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni kó tún inú rò.

Ní ìgboro, ọ̀dà ni wọ́n dà sójú ọ̀nà. Ní ìgbèríko kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Vermont, ó ju ìdajì ọ̀nà ìjọba lọ tí wọn kò da ọ̀dà sí. Láti ẹ̀bá ọ̀nà dé ẹnu ilé náà, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ sílẹ̀, ó sì lè gùn gan-an. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀kan. Ká ní ọ̀nà àbáwọlé kan gùn ní mítà 60, ó fẹ̀ ní mítà 3, òjò dídì tuntun sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 lórí rẹ̀. Ẹ sọ 60 di ìlọ́po 3, ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 0.2, yóò fún yín ní kúbíìkì mítà 36. Òjò dídì tuntun tó gbẹ sábà máa ń wọn kílò 50 sí 100 nínú kúbíìkì mítà kan. Bí a bá mú 100, kílò 3,600 nìyẹn, ìyẹn àpò símẹ́ńtì 72 tí ẹnì kan fẹ́ fi ṣọ́bìrì gbé kó tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ìdí rèé tí àwọn ará ìgbèríko fi ń ra katakata kékeré, èyí tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 20 sí 40, tí wọ́n sì tún ń fi ro oko kékeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà nìyí. Lórí ọ̀dà, ẹ lè gbé abẹ́ irin lélẹ̀ kí ẹ sì há a kanlẹ̀. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹni tó bá há a kanlẹ̀ ti ba ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í kó gbogbo rẹ̀. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀.

Abẹ́ irin kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òjò dídì àti òkúta. Ohun tó bá bá pàdé ni yóò gbá lọ sínú koríko, bẹ́ẹ̀ owó ni wọ́n fi ra òkúta náà, owó ni wọ́n sì fi gbé e wá. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ dáadáa máa ń ga díẹ̀ láàárín, kí omi lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí abẹ́ bá gé ibi gíga yìí kúrò, omi á dúró lójú ọ̀nà, ìgbà tí òtútù bá sì kásẹ̀ nílẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà yangí tí katapílà há ní ìhákúhàá lásìkò òjò mọ ohun tí à ń wí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìgbà òtútù ni eléyìí ń ṣẹlẹ̀ jù. Ní àárín rẹ̀, ilẹ̀ ti dì gbagidi, òkúta sì ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé símẹ́ńtì ni wọ́n fi rọ ọ́. Ṣùgbọ́n òjò dídì àkọ́kọ́ sábà máa ń dé kí ilẹ̀ tó dì. Nítorí náà, bí ti àkọ́kọ́ kò bá ti pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn kì í kó o rárá. Wọ́n á máa wa ọkọ̀ lọ, wọ́n á máa wa ọkọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀ títí yóò fi kì mọ́lẹ̀, òtútù òru á sì sọ ọ́ di ìpele líle kan. Orí ìpele yìí ni abẹ́ yóò máa gbà kọjá títí ìgbà òtútù yóò fi parí.

Wọ́n tún ní bàtà fún abẹ́ náà. Irin pẹlẹbẹ kékeré ni, wọ́n ń dè é mọ́ igun méjèèjì lábẹ́. Òun ni yóò máa wọ́ nílẹ̀, ẹnu abẹ́ á sì dúró lókè ilẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ẹni tí kò bá ní bàtà á wá páìpù irin, á là á lóròó, á sì fi ẹnu abẹ́ bọ inú rẹ̀. Ẹnu roboto kì í gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹnu mímú. Ọgbọ́n àgbẹ̀ nìyẹn, ó sì wù wá ju gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lọ.

Abẹ́ yìí lè wà lẹ́yìn katakata, lórí ọwọ́ irin mẹ́ta tó ń gbé nǹkan sókè sódò. Harry Ferguson ará Ireland ló ṣe ètò ọwọ́ mẹ́ta náà, katakata Ford 9N tó jáde ní 1939 ló sì sọ ọ́ di ohun tí àgbẹ̀ Amẹ́ríkà mọ̀ káàkiri. Bí ẹ bá yí abẹ́ ẹ̀yìn padà kí ikùn rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, kò ní gbẹ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń lo garawa irin ńlá tó wà níwájú. Ìyẹn dára láti kó òkìtì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹnu rẹ̀ tì í lọ síwájú lórí òkúta rírọ̀, yóò rì sínú ilẹ̀. Ẹ rọra da ẹnu rẹ̀ dé, kí ẹ sì máa fà á sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń gbé òjò dídì mì, tó sì ń tu ú jáde lẹ́nu páìpù sí ọ̀nà jíjìn. Arthur Sicard ará Quebec ni wọ́n ń dárúkọ pé ó ṣe irú rẹ̀ ní 1925. Lórí òkúta, ẹ̀rọ yìí lè di ìbọn: òkúta tó bá gbé mì ni yóò tu sí fèrèsé tàbí sí ojú èèyàn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi bóòtù rírọ̀ kan sí ibi tí agbára ń gbà wọlé, kí bóòtù olówó pọ́ọ́kú yìí dá kí jíà olówó gọbọi má baà fọ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n máa ń ní mẹ́ta mẹ́rin nípamọ́ nínú àpò.

Ìmúrasílẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́. Kí ilẹ̀ tó dì ni wọ́n ń gún ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, nítorí nígbà tó bá ti bo gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀nà parí sí tí kòtò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á de ẹ̀wọ̀n mọ́ táyà, wọ́n á sì gbé ohun wíwúwo sẹ́yìn kí táyà lè di ilẹ̀ mú. Epo dísẹ́ẹ̀lì náà gba ìtọ́jú: bí epo pupa ṣe ń dì lásìkò ọyẹ́ ni òun náà ń ṣe bí òtútù bá le, á sì dí àsẹ́ epo pa. Dísẹ́ẹ̀lì ìgbà òtútù ni wọ́n ń rà. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀dà kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ lórí òkúta, nítorí pé ó ń sọ ìpele líle tí à ń dáàbò bò di ẹrẹ̀. Yanrìn ni wọ́n ń fọ́n.

Ti ẹnu ọ̀nà tún lárinrin. Ẹ̀ẹ̀kan tí èèyàn bá parí iṣẹ́ ni ọkọ̀ ìjọba á kọjá, á sì gbá òkìtì mìíràn dí ẹnu ọ̀nà náà. Nítorí náà, bí ẹ bá kọjú sí títì, ẹ gbọ́n àyè kan ní ọwọ́ òsì yín, létí títì, kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wa ọkọ̀ gbà níbẹ̀, apá òsì yín ni ọkọ̀ náà yóò ti wá, ibẹ̀ ni yóò sì da ẹrù rẹ̀ sí. Ẹ má ṣe tì í kọjá títì sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin ò gbà á.

Ní ti ewu, ẹ kà á dáadáa. Ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata láti gbé agbára fún ẹ̀rọ sábà máa ń yí nígbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án kí èèyàn tó pe ení. Bí ó bá mú létí ìborùn tàbí aṣọ òtútù, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní ráàyè yọ ọwọ́. Bí òjò dídì bá há sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, kí ẹ sì fi igi yọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ má ṣe tan katakata sílẹ̀ nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, nítorí èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó lè kìlọ̀ fúnni tó, ó sì ń pani lójú oorun. Àwa tí a ń lo jẹnẹrétọ̀ kò ṣàìmọ èyí. Bí katakata bá ní irin ààbò gíga lẹ́yìn ìjókòó, ẹ de bẹ́líìtì. Bí kò bá ní in, ẹ má ṣe dè é, kí ẹ lè ráàyè fò kúrò bó bá ń dojú dé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ tán, wọ́n á mú réèkì, wọ́n á sì máa wa òkúta tó ti sá sínú koríko padà sójú ọ̀nà. Bó ti wù kí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe tó, díẹ̀ á sá.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ padà sí ọ̀nà mítà 60 wa. Bí atẹ́gùn bá ti ki òjò dídì náà títí kúbíìkì mítà kan fi wọn kílò 300, tí gíga rẹ̀ sì ṣì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, àpò símẹ́ńtì mélòó ni yóò jẹ́? Tí a bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀ nítorí òkúta, mélòó ni a óò kó? Kí ẹ sì bá wa wá orúkọ tó dára fún bóòtù tí wọ́n ṣe kí ó lè dá. A ti gbìyànjú "bóòtù adáfúnjíà", àwọn kan nínú wa ń fi rẹ́rìn-ín.