Òṣùwọ̀n Kan Ṣoṣo: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìjíhìn Àwọn Aláṣẹ

  

Ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ láàrin wa ló bí ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí. Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn arákùnrin wa méjì tí wọ́n jọ máa ń wọ dánfó láti Ìjànìkin lọ sí Okokomaiko bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Ọ̀kan ní ìjọba Àbújá ló fi ìyà ọ̀nà náà jẹ wá. Èkejì ní irọ́ ni, ìjọba ìpínlẹ̀ ló jẹ̀bi. Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ọ̀nà, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Oníkálukú ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ kejì bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi kí ara wọn, bẹ́ẹ̀ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ ọ́ fún Mùsùlùmí láti yan ọmọ ìyá rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dípò kí á là wọ́n, ńṣe ni a pín sí méjì lẹ́yìn wọn. Nítorí náà, ara wa ni a kọ́kọ́ ń bá wí. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí àṣírí aláṣẹ kan bá tú, ojú wo ni ó yẹ kí Mùsùlùmí fi wò ó?

1. OHUN TÍ Ọ̀NÀ WA KỌ́ WA

Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ ọ̀nà wa di olójú mẹ́wàá, kí ọkọ̀ ojú irin sì máa gba àárín rẹ̀ láti Marina dé Okokomaiko, nǹkan bí kìlómítà 27. Nígbà náà, ẹgbẹ́ PDP ló wà ní Àbújá, ẹgbẹ́ mìíràn ló wà ní Alausa. Bí iṣẹ́ ṣe ń falẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn Alausa ń nàka sí Àbújá, ẹni tó fẹ́ràn Àbújá ń nàka sí Alausa.

Ní May 2015, ẹgbẹ́ APC bọ́ sórí oyè ní Àbújá, òun náà ló sì wà ní Alausa. Ní November ọdún náà, Fáṣọlá fúnra rẹ̀ di mínísítà tí iṣẹ́ òde wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwáwí ti tán lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tán. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní September 2023, Mile 2 ló dúró sí, kìlómítà 13 láti Marina. Èrò Okokomaiko, Ìba àti Ìjànìkin sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tún wá dánfó wọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó yani lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo Àbújá ṣáájú 2015 pa ẹnu mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di akọni. Kòtò kan náà ni, ẹrẹ̀ kan náà ni, ojú tí a fi ń wò ó nìkan ló yí padà. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì sì rí ẹni bá wọn gbèjà lọ́fẹ̀ẹ́, láàrin àwọn tí ẹrẹ̀ ń ta sí láṣọ.

2. ÀPẸẸRẸ MẸ́TA

Èkíní ni ti Salisu Buhari, Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní 1999. Ìwé ìròyìn The News gbé e jáde ní July ọdún náà pé irọ́ ni ọjọ́ orí rẹ̀, irọ́ sì ni oyè tó ní òun gbà ní yunifásítì Toronto ní Kánádà. Ó kọ́kọ́ sẹ́, ó sì halẹ̀ pé òun yóò pe àwọn oníròyìn lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà, yunifásítì náà sì ní òun kò mọ̀ ọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́. Kí oṣù náà tó parí, ó jẹ́wọ́, ó fi ipò sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó san owó ìtanràn. Ní 2000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ foríjì í.

Orúkọ ẹni yìí bá tiwa mu. Ǹjẹ́ kò wù wá láti sọ pé ọ̀tá ẹ̀sìn ló ń bá a jà? Ẹ̀rí kò béèrè mọ́ṣáláṣí tí ènìyàn ń lọ. Ìbéèrè kan péré, tí wọ́n bi ilé ẹ̀kọ́ kan, ló yanjú ohun tí ariwo ọdún mẹ́wàá kì bá tí yanjú.

Èkejì ni ti Olóyè Bọ̀dé George, àgbà ẹgbẹ́ PDP ní Èkó, tó ti jẹ́ alága àwọn tó ń darí iléeṣẹ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ wa. Ní October 2009, ilé ẹjọ́ gíga Èkó rán òun àti àwọn márùn-ún mìíràn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lórí bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì. Ní February 2011 tó jáde ní Kírìkírì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ ẹbí lọ pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti ijó. Lọ́jọ́ náà, ìdájọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Ní December 2013, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yí ìdájọ́ náà dànù.

Àwọn tó ń jó lọ́dún 2011, ṣé wọ́n ka ìdájọ́ tó gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n? Àwọn tó ṣì ń pè é ní ẹlẹ́wọ̀n lẹ́yìn 2013, ṣé wọ́n ka ìdájọ́ tó dá a sílẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ̀kẹta ni ti Akinwùnmí Àḿbọ̀dé, tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 2015 sí 2019. Àárín òun àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ dàrú, kò rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà fún ìgbà kejì. Lẹ́yìn tó kúrò lórí oyè ní 2019, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti wádìí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì 820 tí ìjọba rẹ̀ rà. Òun náà gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ní inú ìsúná tí Ilé fọwọ́ sí ni owó náà wà. Àwa kò ṣe ìdájọ́ wọn. Ohun tí a ń béèrè ni pé, bí ìbéèrè bá wà nípa bọ́ọ̀sì, ìgbà wo ni ó yẹ kí á bi í? Ṣé nígbà tí owó ń jáde ni, tàbí nígbà tí ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́? Ìjíhìn tó ń dúró de ìgbà tí ìjà bá dé, ẹ̀san ni, kì í ṣe ìjíhìn mọ́.

3. KÍ NI ẸSÌN WA SỌ?

Nínú Súrà Nisáì, ẹsẹ 135, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ kí á jẹ́ẹ̀rí òdodo, bí ó tilẹ̀ ta bá ara wa, òbí wa àti ìbátan wa. Nínú Súrà Máídà, ẹsẹ 8, Ó kìlọ̀ pé kí ìkórìíra ìjọ kan má sún wa dé ibi tí a kò ti ní ṣe déédéé sí wọn. Ẹ fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ti àkọ́kọ́ dí ojú ọ̀nà ojúsàájú, ti èkejì dí ojú ọ̀nà ọ̀tẹ̀. Nínú Súrà Hujuráátì, ẹsẹ 6, Ó ní kí á wádìí ìròyìn tí oníwà-ìbàjẹ́ bá gbé wá, kí á má baà ṣe àwọn ènìyàn níkà pẹ̀lú àìmọ̀. Ẹni tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ lórí fóònù láti àárọ̀ di alẹ́ láìwádìí, kí ó fi ẹsẹ yìí sọ́kàn.

Nígbà ayé Ànábì wa, obìnrin kan láti ìdílé ńlá jalè, àwọn ènìyàn sì wá ẹni tí yóò bá a bẹ Ànábì. Ó bínú. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohun tó pa àwọn ará ìṣáájú run ni pé wọ́n ń fi ọmọ ẹni ńlá sílẹ̀, wọ́n ń mú aláìní, àti pé Fátímọ̀ ọmọ òun gan-an kò ní yọ bí ó bá jalè. Nígbà mìíràn, ọkùnrin kan tí ó rán lọ gba sàká padà dé, ó ní èyí ni tìjọba, èyí ni ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Ànábì béèrè bóyá ẹ̀bùn yẹn yóò wá bá a ká ní ilé bàbá rẹ̀ ló jókòó sí. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ Ànábì fúnra rẹ̀ ni ọkùnrin yìí. Ilé ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà dára fún ìfẹ́ ọmọ nínú ilé. Ṣùgbọ́n àpótí owó ìlú kì í ṣe ìdí ọmọ ẹni.

4. OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ariwo kò gbówó, ìbéèrè tí a kọ sínú ìwé ló ń gba èsì. Ní 28 May 2011, òfin kan jáde ní ilẹ̀ wa tó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. A kò ní láti sọ ìdí tí a fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni iléeṣẹ́ náà ní láti fèsì. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, a lè lọ sí ilé ẹjọ́ láàrin ọgbọ̀n ọjọ́, òṣìṣẹ́ tí ilé ẹjọ́ bá sì rí i pé ó kọ̀ láìtọ́ lè san 500,000 náírà. Ní April 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Láti 2003 ni wọ́n ti yọ Ìba àti Ọ̀tọ̀-Àwórì jáde láti ara ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìjànìkin sì wà lábẹ́ Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ àwọn sẹ́nétọ̀ tó ń jà ní Àbújá, a kò mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wa. Ìbéèrè mẹ́ta péré tó: èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà àti títì àdúgbò wa lọ́dún tó kọjá? Kọngílá wo ló gbà á? Ibo ni iṣẹ́ dé? Ìbéèrè wọ̀nyí kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí èsì bá dára, kí á yin aláṣẹ láìwo ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá dára, kí á tún béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìsí èébú.

ÌPARÍ

Àwọn arákùnrin wa méjèèjì ti kí ara wọn, àlùhámúdùlílááì. Wọn kò fi ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, a kò sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kọ lẹ́tà dáadáa, èkejì mọ ọ̀nà ọ́fíìsì káńsù. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni a yàn láti kọ ìbéèrè mẹ́ta yìí, kí wọ́n sì jọ gbé e lọ. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí yóò jẹ́rìí òdodo, àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ẹ̀sùn wo ni o gbà gbọ́ nípa aláṣẹ ẹgbẹ́ tí o kò fẹ́ràn, tí o kò sì wádìí rẹ̀ rí?
2. Ẹ̀sùn wo ni o kọ̀ láti gbọ́ nípa ẹni tí o fẹ́ràn?
3. Kí ni orúkọ káńsẹ́lọ̀ àdúgbò rẹ, kí ni o sì ti bi í rí?