Ìtọ́jú Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Bí A Ti Ń Dàgbà

Bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i ni iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara ń le, èyí sì wà lára ohun tí ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í dunni. Ẹni tí ó ń dúró de ẹ̀fọ́rí kí ó tó yẹ ara rẹ̀ wò lè bá rọpárọsẹ̀ pàdé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pé 40 ọdún, ẹ máa wọn ìfúnpá yín lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ti ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tàbí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ rìn dé ilé ìwòsàn, ẹ má na apá lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n náà yóò ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ lọ tọ̀, ẹ fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé apá lé tábìlì, ẹ dákẹ́. Bí ó bá pé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ rí dókítà.

Iyọ̀ ojúmọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, ti Maggi àti ti irú oníyọ̀ pẹ̀lú.

Nídìí oògùn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: ìwọ̀n wálẹ̀, wọ́n sì pa oògùn tì. Oògùn náà ni ó mú un wálẹ̀! Ẹ má dá a dúró àfi bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí páálí kan tó tán, kí ẹ ti ra òmíràn.