AMÍ INÚ FÍRÍSÀ NÍ ỌJÀ ỌBA

Nínú àpilẹ̀kọ kékeré yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ìlà àṣẹ kan péré bi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilé léèrè ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, láìsí àwòrán tàbí bọ́tìnnì kankan.

Ní Ọjà Ọba, nísàlẹ̀ òkè Máàpó, ni ìyá mi àgbà ti ń ta ṣàwà àti pánlá. Ilé ni fírísà wọn wà. Ìwọ̀n -18 lórí òṣùwọ̀n Celsius la fẹ́ kí ẹja inú yìnyín wà. Bí iná bá lọ lóru tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, owó ọjà ti wọgbó nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi ra ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ kan tó ń jẹ́ DS18B20, tó lè wọn òtútù àti ooru láti -55 títí dé 125. Mo sọ orí rẹ̀ sínú fírísà, mo so wáyà rẹ̀ mọ́ Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2012. Mo fi bátìrì tì í lẹ́yìn kí òun náà má baà kú bí iná bá lọ.

Kí ni ká máa pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Amí ni mo pè é (kì í ṣe àmì o, ohùn ló yà wọ́n). Àwọn jagunjagun ló tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí 1829, iṣẹ́ amí kò sì ṣàjèjì sí wọn. Àṣẹ tí mo ń tẹ̀ nìyí:

watch -n 60 cat /sys/bus/w1/devices/28-*/w1_slave

“Cat” ń ka ohun tó wà nínú fáìlì síta, nítorí pé lójú Linux, fáìlì ni amí náà. “Watch” ń mú un tún un kà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Èsì rẹ̀ jẹ́ ìlà méjì: èkíní parí sí YES, èkejì sí t=-18250. Ẹ fi 1000 pín in, -18.25 nìyẹn.

Lóru ọjọ́ kan tí mò ń kàwé ìdánwò, mo gbójú sókè, mo rí YES, mo sì rí t=85000. Mo sáré jí ìyá àgbà. Wọ́n ṣí fírísà, wọ́n fọwọ́ kan ẹja, ó le bí òkúta.

“Ìwọ ọmọ yìí, márùndínláàádọ́rùn-ún kẹ̀? Ṣé ọbẹ̀ la gbé kaná ni?”

Ojú tì mí. Ìgbà tí mo wá ìdí rẹ̀ ni mo rí i pé ọmọrí fírísà ti tẹ wáyà, tí iná inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú. 85 ló máa ń wà lẹ́nu ẹ̀rọ yìí nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀, kí ó tó wọn ohunkóhun. YES kò sọ pé òótọ́ ni iye náà; ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ rántí àrokò: ó lè dé ọwọ́ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí láìtú, síbẹ̀ kí ẹni tó dì í ti dì í kí ó tó rí ogun.

Láti ìgbà náà, iye mẹ́ta tó tẹ̀ léra ni mo ń wò kí n tó pariwo. Bí ó bá fò dé 85 tó sì padà, wáyà ni mo ń lọ wò. Bí ó bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, -17, -15, -12, jẹnẹrétọ̀ ni mo ń lọ tàn.

Ìyá àgbà ṣì ń fọwọ́ kan ẹja wọn kí wọ́n tó sùn.