Àròkọ Alálàyé: Ṣíṣe Ètò Sinimá Ìta Gbangba

Ìbéèrè: Ṣàlàyé bí àwọn ará àdúgbò rẹ ṣe lè ṣètò sinimá alẹ́ ní ìta gbangba.

Ohun tí ìbéèrè yìí ń fẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó níhìn-ín ni "ṣètò". Olùdánwò kò béèrè ìtàn inú fíìmù, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè bí inú rẹ ti dùn tó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó fẹ́ mọ ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe, èyí tí yóò tẹ̀ lé e, àti ìdí tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa to nǹkan bí ẹni tí ń ka ẹrù ọjà: aṣọ funfun, àga, jẹnẹrétọ̀. Máàkì kò pọ̀ nínú irú èyí. Fi ìdí ti ohun kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí lè fi àròkọ rẹ ṣiṣẹ́.

Ìlapa èrò

1. Ìfáàrà: sinimá ìta gbangba nígbà kan rí àti ìwúlò rẹ̀ lónìí
2. Ìgbìmọ̀ àti ìyọ̀ǹda
3. Ọjọ́ àti àkókò
4. Yíyan fíìmù
5. Pápá àti ohun èlò
6. Ìkádìí

Àròkọ àwòkọ́ṣe

Kí tẹlifíṣọ̀n tó wọ ilé púpọ̀, ọkọ̀ ìjọba ni ó máa ń gbé sinimá wá sí ìlú àti abúlé. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ìlọrin wà títí di ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. "Májígí" ni àwọn Hausa ń pe irú sinimá bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1976, àwọn òṣèré bí Adé Love, ọmọ Agbamu ní Kwara, àti Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù Yorùbá kiri láti ìlú dé ìlú. Lónìí, oníkálukú ń wo fíìmù nínú fóònù tirẹ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn kì í jùmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àdúgbò tún máa péjọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a yan ìgbìmọ̀ kékeré: alága, akọ̀wé, akápò, ẹni tí ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, àti ìyá kan tí yóò mójú tó àwọn ọmọdé. Kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀, kí wọ́n lọ rí Mágàjí, lémọ́ọ̀mù àdúgbò, àti ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ni pápá. Kí wọ́n sì yà sí àwọn ilé tí ó yí pápá ká, nítorí aláìsàn tàbí ìyá ọmọ tuntun lè wà níbẹ̀. Ẹni tí a ti sọ fún ṣáájú yóò fara da ariwo. Ẹni tí a kò sọ fún ni yóò lọ pe ọlọ́pàá.

Èkejì ni ọjọ́ àti àkókò. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀ jù ní Ìlọrin; nítorí náà oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá ni ó dára jù. Òòrùn a máa wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ nígbà náà, bí ilẹ̀ kò bá sì ṣú, àwòrán kò ní hàn lára aṣọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ilẹ̀ ṣú, àkókò ìrun Ìṣáì yóò ká wa mọ́ ibẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn yóò sì dìde láàárín eré. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti kírun tán.

Ẹ̀kẹta ni fíìmù fúnra rẹ̀. Ìta gbangba kò ní ilẹ̀kùn tí a lè tì mọ́ ọmọdé. Nítorí náà kí a wo àmì ọjọ́ orí tí àjọ tí ń yẹ fíìmù wò, èyí tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, fi sára rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ 18 sí kò yẹ fún wa. Kí a sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ná owó ńlá sórí Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Àwọn olè dà á kọ sínú fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ ẹni tí ó ṣe é lọ́rùn. Bí a kò bá gba ìyọ̀ǹda, kí ni ìyàtọ̀ tiwa sí tiwọn?

Ẹ̀kẹrin ni pápá. Kí a na aṣọ funfun sí àárín òpó méjì, kí a so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ le dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Bí aṣọ bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ìjókòó iwájú jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 24, kí ti ẹ̀yìn má sì kọjá 72. Ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù, ọrùn yóò máa ro ó. Ẹni tí ó jìnnà jù kò ní ríran. Kí àwọn ọmọdé jókòó sórí ẹní níwájú, kí àwọn àgbà jókòó sórí àga lẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní òkèèrè, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa gbé èéfín rẹ̀ lọ, nítorí ohun olóró tí kò ní òórùn wà nínú èéfín náà. A kò gbọdọ̀ bu epo sí i nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Kí a sì dán gbogbo ẹ̀rọ wò ní alẹ́ tí ó ṣáájú.

Ní ìkádìí, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí a má tú ká títí a ó fi fa ọmọ kọ̀ọ̀kan lé òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Bí pápá bá mọ́ tónítóní láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí akápò sì ṣe ìṣirò owó lójú gbogbo èèyàn, àdúgbò fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè fún òmíràn.

Àkíyèsí

Tún ìpínrọ̀ kẹta kà. Òkùnkùn ń fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní aago kan, ìrun ń fẹ́ òmíràn. Òǹkọ̀wé gbé méjèèjì yẹ̀ wò kó tó mú aago mẹ́jọ ààbọ̀. Irú èrò báyìí ni ó ń fa máàkì. Ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé òwe kan ṣoṣo ni ó pa, ó sì bá ibẹ̀ mu.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé kan láti tọrọ pápá rẹ̀ fún sinimá alẹ́.
2. Ṣàlàyé bí àdúgbò rẹ ṣe lè ṣètò iṣẹ́ ìmọ́tótó. Fi ìdí ti ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.