Àpótí Ìmọ̀: Linux àti Ibi Ìpamọ́ Fáìlì Yunifásítì

Ibi ìpamọ́ fáìlì yunifásítì jẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ wọn sí. Púpọ̀ nínú irú ibi ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ń lo ìlànà SMB fún pípín fáìlì, èyí tí Windows ń lò. Ní ìparí 1991, Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Australian National University, bẹ̀rẹ̀ ètò tí a wá mọ̀ sí Samba, èyí tó jẹ́ kí Linux àti Windows lè jọ pín fáìlì.

Ojú ọ̀nà (port) 445 ni SMB ń gbà, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í sì í ṣí i sílẹ̀ fún ará ìta, nítorí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU tàbí UNILAG tó ń lo dátà fóònù nílé ní Baruwa, ará ìta ni lójú irú ètò bẹ́ẹ̀, àfi tó bá kọ́kọ́ tan VPN (ọ̀nà ààbò tó ń so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́) tí ilé ẹ̀kọ́ bá pèsè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dá ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé VPN ni wọn kò tàn.

Lórí Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn irú Linux, inú Files ni wọ́n ti ń tẹ àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú smb://. Ẹni tó fẹ́ràn tẹ́mínà yóò gbé cifs-utils sórí kọ̀ǹpútà, yóò ṣẹ̀dá fódà òfìfo (/mnt/ile-eko), yóò sì pa àṣẹ yìí:

sudo mount -t cifs //àdírẹ́sì/fódà /mnt/ile-eko -o username=orúkọ

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wà nínú àṣẹ náà, torí tẹ́mínà sábà máa ń tọ́jú àwọn àṣẹ tí wọ́n bá tẹ̀. Àṣẹ umount ni wọ́n fi ń já fódà náà kí wọ́n tó pa VPN. Bí iná bá lọ kí fáìlì tó wọlé tán, fáìlì náà lè bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀.